ÌGBÀGBỌ́ ÀTI ÒRÙLÉ TÓ Ń JÒ

Kà: Jẹ́nẹ́sísì 8:20-22, 2 Àwọn Ọba 12:4-12, Oníwàásù 10:18

Olùfẹ́, ṣé àìnígbàgbọ́ ni kí ènìyàn máa ṣètò àtúnṣe ilé rẹ̀ nígbà tí ojú ọ̀run ṣì mọ́ kedere? Àwọn ará kan gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní Jésù sọ pé kí á má ṣàníyàn nípa ọ̀la. Òótọ́ ni, ó wà nínú Mátíù 6:34. Ṣùgbọ́n ètò kì í ṣe àníyàn. Ẹni tó ń ṣàníyàn kì í rí oorun sùn lóru, síbẹ̀ kò ní gun àkàbà lójú mọmọ.

Wo ohun tí Ọlọ́run sọ lẹ́yìn ìkún-omi ìgbà Nóà. Ó ṣèlérí pé àwọn àkókò ọdún kò ní dáwọ́ dúró níwọ̀n ìgbà tí ayé bá ṣì wà. Ọyẹ́ tó ń fẹ́ ní Ìsùadà ní oṣù Kejìlá, àti ìjì tó ń bá òjò àkọ́rọ̀ wá ní oṣù Kẹta, ìlérí yẹn ni Ọlọ́run ń mú ṣẹ. Ẹni tó fi ẹ̀ẹ̀rùn kan páànù rẹ̀ ti gba Ọlọ́run gbọ́ pé òjò yóò rọ̀.

Gbogbo wa la mọ bí ọdún ṣe ń lọ ní agbègbè Ọ̀wọ̀. Òjò a le ní oṣù Kẹfà àti Keje, a sinmi díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, a tún padà wá títí di oṣù Kẹwàá. Ṣùgbọ́n ìjì òjò àkọ́rọ̀ ló sábà máa ń ṣí òrùlé. Páànù tí ìṣó rẹ̀ ti tú, atẹ́gùn á gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, á sì gbé e lọ. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní àkókò tirẹ̀. Àwọn baba wa ń fi ẹ̀ẹ̀rùn mọ ilé alámọ̀, wọ́n á jẹ́ kí ipele kan gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ló dára láti gbẹ́ kànga, nígbà tí omi abẹ́ ilẹ̀ ti lọ sísàlẹ̀; èyí tí a bá gbẹ́ nínú òjò máa ń kan omi kíákíá, inú onílé a dùn, ṣùgbọ́n ní oṣù Kejì yanrìn ni korobá yóò máa gbé bọ̀. Ògiri tí o bá sì rẹ́ nígbà ọyẹ́, máa bu omi sí i fún ọjọ́ mélòó kan, kí ó má baà là. (Ẹ má bínú, ìwé àdúrà ni èyí, kì í ṣe ìwé bíríkìlà. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run tó fún Nóà ní ìwọ̀n ọkọ̀ kò kórìíra irú ọ̀rọ̀ báyìí.)

Owó ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Owó kòkó ń wọlé láti oṣù Kẹwàá dé Kejìlá, ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn náà ń wọlé. Ṣùgbọ́n ìgbà yẹn kan náà ni aṣọ ẹbí àti Kérésìmesì. Ní oṣù Kìíní, owó iléèwé. Nígbà tí ìjì á fi dé, páànù méjì kò ṣeé rà mọ́. Nígbà ayé Jóáṣì, owó ń wọlé fún àtúnṣe ilé Olúwa, síbẹ̀ títí di ọdún kẹtàlélógún ìjọba rẹ̀ wọn kò tíì tún un ṣe. Kò sí ẹni tó ya owó náà sọ́tọ̀. Àlùfáà Jèhóíádà ló lu ihò sí ìdérí àpótí kan, tó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, kí owó tó dé ọwọ́ àwọn káfíńtà. Ìwọ ńkọ́, àpótí tìrẹ dà?

Síbẹ̀ kí á ṣọ́ra. Bí ìjì bá ṣí òrùlé opó kan, kí ẹnikẹ́ni má lọ ka Oníwàásù 10:18 sí i létí. Ọ̀lẹ ni ẹsẹ yẹn ń bá wí. Opó náà ti mọ̀ láti oṣù Kọkànlá pé igi òrùlé ti jẹrà. Ohun tí yóò fi pààrọ̀ rẹ̀ ni kò ní. Ayálégbé náà mọ̀. Onílé ni kò dá a lóhùn. Onílé tó ń gba owó ilé lọ́dọọdún, tí òjò sì ń rọ̀ lé ọmọ ẹlòmíràn lórí, lójú tèmi ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ ju ti ọ̀lẹ lọ. Ìjọ náà kò gbọdọ̀ dúró di ìgbà tí a ó máa gba ọrẹ àánú fún ilé tó ti ṣí. Oṣù Kìíní ló yẹ kí àwọn ọkùnrin ìjọ gbé àkàbà lọ síbẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní òjò kì í dé lásìkò mọ́. Ìdí nìyẹn tí àjọ NiMet fi ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan. Má ṣe sọ pé ti ayé ni. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 27, Pọ́ọ̀lù wo àkókò, ó rí i pé ìgbà àwẹ̀ ti kọjá, ó sì kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe lọ. Balógun ọ̀rún kò gbà. Áńgẹ́lì Ọlọ́run dúró ti Pọ́ọ̀lù nínú ìjì náà, ẹ̀mí kankan kò sì ṣòfò. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà fọ́.

Àdúrà: Baba, fi ibi tó ń jò nínú ilé mi hàn mí kí òjò tó dé. Ṣí ojú mi sí ilé opó tó wà ládùúgbò mi, kí O sì rán mi síbẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí, ní orúkọ Jésù. Àmín.