Ǹjẹ́ Aṣọ Olè Ṣe é Bọ́ Kúrò Lára?



Àwọn baba wa a máa pa á lówe pé, ẹni tí ó bá jalè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ó da àrán bora, aṣọ olè ni ó dà bora. Ìkìlọ̀ rere ni òwe náà jẹ́ fún ọ̀dọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ máa yá sí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, nítorí orúkọ tí ó bá bàjẹ́ kì í yá tún ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn àgbà fi ṣe ìkìlọ̀ ṣáájú ẹ̀ṣẹ̀, àwa a máa fi í ṣe ìdájọ́ lẹ́yìn ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí ó ti ẹ̀wọ̀n dé, tí ó ti jẹ ìyà tí adájọ́ dá fún un tán, bí ó bá wá iṣẹ́ wá sọ́dọ̀ wa, bí ó bá wá yàrá tí yóò háyà, àní bí ó bá jókòó tì wá lórí bẹ́ǹṣì nínú ilé Ọlọ́run, òwe náà ni yóò kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn. A ó fa àpò wa mọ́ra, a ó sì sún sẹ́yìn díẹ̀.

Nítorí náà mo fẹ́ kí a jọ yẹ ìbéèrè kan wò ní ọ̀sẹ̀ yìí: ǹjẹ́ ohun tí a ti kọ sílẹ̀ nípa ènìyàn ni ènìyàn náà? Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá ti wọ ìwé àwọn arúfin, ṣé arúfin náà ni yóò kú sí? Kí ẹnikẹ́ni má baà wí pé àánú alùfáà lásán ni mo fi ń sọ̀rọ̀, n ó sọ fún yín nípa àwọn ìwé kan tí a tọ́jú pamọ́ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nítorí ìtàn àwọn ìwé náà kún fún ẹ̀kọ́.

Ní Yunifásítì Harvard, létí ìlú Boston, tọkọtaya kan wà tí wọ́n fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé wọn wádìí ohun tí ń sọ ọmọ ènìyàn di ọ̀daràn. Sheldon Glueck ni orúkọ ọkọ. Ìlú Warsaw ní ilẹ̀ Pólándì ni a ti bí i ní ọdún 1896, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ òfin. Eleanor ni orúkọ aya rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1940 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá kan. Wọ́n yan 500 ọmọkùnrin tí ìjọba ti kó sí ilé ìtọ́sọ́nà àwọn ọmọ tí ó rú òfin ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Wọ́n sì yan 500 mìíràn láti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Boston, àwọn tí kò bá òfin jà. Wọ́n fi ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ti ìṣáájú wé ọ̀kan nínú àwọn ti ìkejì: ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra, ọgbọ́n orí wọn súnmọ́ra, ibì kan náà ni ìran wọn ti ṣẹ̀, irú àdúgbò òtòṣì kan náà ni wọ́n sì ń gbé. Ọmọ òyìnbó ni gbogbo wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ àwọn tí ó ṣí wá láti Ítálì, láti Ireland àti láti àwọn ilẹ̀ mìíràn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ. Wọ́n bá ọmọ sọ̀rọ̀, wọ́n bá òbí àti olùkọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n lọ wo ilé tí ó ń gbé. Wọ́n ka ìwé ọlọ́pàá àti ìwé ilé-ẹjọ́. Dókítà yẹ àwọn ọmọ náà wò, wọ́n tilẹ̀ ṣe àkọsílẹ̀ bí ara wọn ti rí. Nígbà tí wọ́n di ẹni ọdún 25, a tún wá wọn kàn. Nígbà tí wọ́n di ẹni ọdún 32, a tún wá wọn kàn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní ọdún 1950 ni tọkọtaya náà tẹ ìwé tí ó sọ wọ́n di olókìkí. Olórí ohun tí wọ́n rí ni pé inú ilé ni ọ̀ràn ti ń bẹ̀rẹ̀: bí baba ti ń bá ọmọ wí, bí ìyá ti ń mójú tó o, ìfẹ́ baba sí i, ìfẹ́ ìyá sí i, àti bí ìdílé ti wà ní ìṣọ̀kan sí. Ẹ̀yin òbí, kò di ìgbà tí òyìnbó bá sọ èyí fún yín. Ẹ ti mọ̀ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ṣùgbọ́n ó dára kí ẹ gbọ́ pé àwọn tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ka ọ̀rọ̀ náà, tí wọ́n sì wọ̀n ọ́n, ibi tí òwe wa dé ni wọ́n dé.

Ibi tí ó ti gba ìṣọ́ra nìyí. Tọkọtaya náà gbà pé àwọn lè fi nǹkan márùn-ún yìí ṣe òṣùwọ̀n, kí a fi wo ọmọ ọdún 6, kí a sì mọ̀ bóyá yóò di arúfin. Ní ẹ̀wádún 1950 a dán òṣùwọ̀n náà wò ní ìlú New York lára àwọn ọmọkùnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́. Èrò rere ni wọ́n fi ṣe é, kí ìrànlọ́wọ́ lè tètè dé. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: ọmọ tí kò tíì mú abẹ́rẹ́ ẹnikẹ́ni, a ti kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí yóò jalè. Ojú wo ni olùkọ́ rẹ̀ yóò máa fi wò ó? Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ni ó bá wọn jiyàn lórí èyí. Àwa Kátólíìkì pẹ̀lú ní ohun tí a óò wí sí i. Ní ọdún 1547, Àpéjọ Mímọ́ ti Trent kọ́ wa pé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ Ádámù sọ ìfẹ́ inú ènìyàn di aláìlera, kò pa òmìnira rẹ̀ rẹ́. Ẹni tí ó bá wí nípa ẹnikejì rẹ̀ pé àyànmọ́ ni, tàbí pé bí ilé wọn ti rí nìyẹn, kò sì sí ohun mìíràn tí ó lè dà, ó fẹ́ gba ohun tí Ọlọ́run ti fún ẹni náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Eleanor kú ní ọdún 1972, Sheldon sì kú ní ọdún 1980. Àwọn ìwé tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ wà nínú àwọn páálí ní abẹ́ ilẹ̀, nínú ilé-ìkàwé àwọn amòfin ní Harvard. Ẹ fi ọkàn wò ó, ẹ̀yin ará: ìgbà èwe 1,000 ènìyàn, ìwà wọn àti ẹkún ìyá wọn, gbogbo rẹ̀ nínú páálí, nínú eruku. Ní àárín ẹ̀wádún 1980, John Laub, tí í ṣe onímọ̀ nípa ìwà ọ̀daràn, rí àwọn páálí náà níbẹ̀. Òun àti Robert Sampson, onímọ̀ nípa ìgbé ayé àwùjọ, fi ọ̀pọ̀ ọdún tò wọ́n, wọ́n sì tún wọn kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1993 wọ́n tẹ ìwé kan jáde lórí rẹ̀. Wọn kò dúró níbẹ̀. Wọ́n tọ ipasẹ̀ àwọn 500 tí ó rú òfin léwe títí dé bí ẹni 70 ọdún, wọ́n sì jókòó bá 52 nínú wọn sọ̀rọ̀ lójúkojú. Ìwé tí ó ti inú èyí jáde ni wọ́n tẹ̀ ní ọdún 2003.

Kí ni wọ́n rí? Wọ́n rí i pé òótọ́ ni tọkọtaya Glueck wí nípa ilé, àti pé wàhálà ọmọ tí ó bẹ̀rẹ̀ burúkú sábà máa ń ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ nígbà tí ó bá dàgbà. Ṣùgbọ́n wọ́n rí nǹkan kejì. Nínú àwọn 500 náà, èyí tí ó pọ̀ jù ni ó jáwọ́ nínú ìwà ọ̀daràn bí ọdún ti ń gorí ọdún. A kò sì lè fi ohun tí a kọ nípa wọn ní èwe mọ ẹni tí yóò tètè jáwọ́ àti ẹni tí yóò pẹ́ nínú rẹ̀. Ohun tí ó sábà yí wọn padà kì í ṣe ohun àrà. Aya rere tí ọkùnrin kò fẹ́ dójú tì ni. Iṣẹ́ tí kì í já ni lójú pọ̀nà ni. Iṣẹ́ ológun ni, tí ó mú ọ̀dọ́ kúrò ní àdúgbò tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ ọ́n sí olè. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, òfin kan tí a ṣe ní ọdún 1944 fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí ó ti ogun dé ní owó láti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àti láti kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Àwọn tí ó ti rú òfin léwe wà lára àwọn tí ó jàǹfààní rẹ̀ jù. Àwọn kan wà tí kò yí padà títí di àgbà. A kò gbọ́dọ̀ pa èyí mọ́. Ṣùgbọ́n ìwé ìgbà èwe kò dá wọn mọ̀ yàtọ̀.

Ẹ kíyè sí i pé àwọn ìwé kan náà ni. Tọkọtaya Glueck pàápàá ti rí i pé ọ̀pọ̀ ń jáwọ́ bí wọ́n ti ń dàgbà. Ẹni tí ó bá ka ojú ewé ìṣáájú nìkan, olè ni yóò rí. Ẹni tí ó bá kà á dé òpin yóò rí baba àgbà tí ń sọ ìtàn ayé rẹ̀. Ohun tí a kọ ní ìṣáájú kì í ṣe irọ́. Òótọ́ ni ọmọ náà jalè. Àṣìṣe ni kí a fi àmì òpin sí ibi tí Ọlọ́run kò fi í sí.

Ìwé kan wà ní ọ́fíìsì ìjọ wa tí ó ń kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ yìí lójoojúmọ́. Ìwé ìrìbọmi ni. Bí a bá kọ orúkọ ọmọ, ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti orúkọ àwọn òbí rẹ̀ tán, ààyè a máa kù ní ẹ̀gbẹ́. Òfin Ìjọ ni ó fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀: ibẹ̀ ni a óò kọ ọ́ sí nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù bá fi òróró mímọ́ yàn án, nígbà tí ó bá ṣe ìgbéyàwó, tàbí bí ó bá di alùfáà. Ìwé náà ń dúró de ìyókù ayé ọmọ náà. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ibi ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kò ní ìwé rárá. Ohun tí ẹ bá sọ níbẹ̀, kò sí páálí tí a ń kó o sí, alùfáà kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ jáde bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́ pa á. Ìjọ kan náà tí ń fi tàdáwà kọ oore-ọ̀fẹ́ sílẹ̀ kì í kọ ẹ̀ṣẹ̀ tí a ti dárí rẹ̀ jì.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò bi mí pé: Fadá, ẹni tí wọ́n jà lólè ńkọ́? Opó tí wọ́n kó ọjà rẹ̀ lọ, ṣé kí ó máa rẹ́rìn-ín ni? Ìbéèrè òdodo ni. Ìdáríjì kì í pa gbèsè rẹ́. Katikísímù kọ́ wa pé ẹni tí ó bá jí nǹkan gbọdọ̀ dá a padà bí agbára rẹ̀ bá ti tó, Sákéù sì jẹ́jẹ̀ẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ tí Olúwa wọ ilé rẹ̀. Ọgbọ́n kò sì ní kí a gbé kọ́kọ́rọ́ àpótí owó lé ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́wọ́ ní ọjọ́ kìíní. Ìwà ni a fi ń mọ ìrònúpìwàdà, ìwà sì ń fẹ́ àkókò. Ṣùgbọ́n ìṣọ́ra yàtọ̀ sí ìlẹ̀kùn títì. Ẹni tí ó ń ṣọ́ra ń wo ohun tí ọmọnìkejì rẹ̀ yóò ṣe. Ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn ti pinnu pé òun kò ní wò ó mọ́.

Ẹ tún wo àwọn ohun tí ó yí àwọn ọkùnrin Boston wọ̀nyẹn padà. Kò sí èyí tí ènìyàn lè dá fún ara rẹ̀ nínú wọn. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò yàn láti dìde, ẹnikẹ́ni kò lè bá a yàn án. Ṣùgbọ́n obìnrin kan ni yóò gbà láti fẹ́ ẹ, ọ̀gá kan ni yóò sì gbà á síṣẹ́. Thomas Mímọ́ ti Aquino kọ́ wa pé oore-ọ̀fẹ́ kì í bá ohun tí Ọlọ́run ti dá ṣọ̀tá, inú rẹ̀ ni ó ń gbà ṣiṣẹ́. Bóyá iṣẹ́ bíríkìlà tí ẹ lè fún ọmọ kan ni oore-ọ̀fẹ́ fẹ́ gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 2019, òfin ilẹ̀ Nàìjíríà yí orúkọ ilé-iṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n padà sí ilé-iṣẹ́ àtúnṣe ìwà. Orúkọ náà dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá tún ìwà rẹ̀ ṣe, ọ̀dọ̀ wa ni yóò padà sí, ẹnu ọ̀nà wa sì ni a óò ti mọ̀ bóyá àtúnṣe náà yóò dúró.

Ẹ rántí ọmọ onínàákúnàá. Nígbà tí ó padà dé, gbogbo ilé ni ó mọ ohun tí ó ṣe. Baba rẹ̀ kò díbọ́n pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ó ní ọmọ òun ti kú rí. Síbẹ̀ ó ní kí wọ́n mú aṣọ tí ó dára jù lọ wá fi wọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n dúró ní ìta, ó ń ka àṣìṣe àbúrò rẹ̀ sókè. Ohun tí ó kà ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ni kò fẹ́ wọlé síbi àsè. Òwe wa rí aṣọ olè. Baba rí ọmọ rẹ̀, ó sì wọ̀ ọ́ láṣọ.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, mo bẹ̀ yín, kí olúkúlùkù wa ronú kan ẹnìkan tí a ti parí ìwé rẹ̀ nínú ọkàn wa, ìbáà ṣe ará ilé, ìbáà ṣe aládùúgbò. Kí a fi ààyè díẹ̀ sílẹ̀ fún un ní ẹ̀gbẹ́ ìwé náà, kí a sì ṣe ohun kan ṣoṣo tí yóò jẹ́ kí ó rí ohun rere kọ síbẹ̀. Kí Ọlọ́run, tí ó fi irú ààyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún wa, ṣàánú fún gbogbo wa. Àmín.

Baba yín nínú Kristi,
Alùfáà Ìjọ