Àmì Kan fún Ọjọ́ Kan

Kíkà: Ẹ́kísódù 16:13–21

Ẹni tó ń dá àjọ ojoojúmọ́ mọ káàdì alájọ dáadáa. Ojú 31 ló wà lára rẹ̀, bí alájọ bá sì ti gba owó òní, á fi bírò fàmì sí ọ̀kan. Ojú kan ṣoṣo ni owó iṣẹ́ alájọ. Ìyókù, ti ẹni tó ń dá a ni. Ìyá aláta kò ní láti jókòó ṣírò. Bó bá ti wo káàdì, ó ti rí ibi tó dé, ó sì rí ọjọ́ tí ọjà ò tà.

Kíka Bíbélì náà ń fẹ́ irú àmì bẹ́ẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo wa lorí wa pé bíi ti alájọ Ṣómólú. Ẹnu máa ń yá wa láti sọ pé, "Mo máa ń kà á." Fi òwú so bírò mọ́ ìṣó kàlẹ́ńdà ìjọ tó wà lára ògiri, kí o máa fàmì sí ọjọ́ tí o bá kà, ojú á rí ohun tí ẹnu ń bò mọ́lẹ̀. Orí 1,189 ló wà nínú Bíbélì. Ẹni tó bá ń ka orí mẹ́ta lójúmọ́, àti márùn-ún lọ́jọ́ Ìsinmi, á parí rẹ̀ kí ọdún tó yí po.

Ní ìparí ọdún 1842, Robert Murray M'Cheyne, àlùfáà kan ní Dundee, ilẹ̀ Scotland, ṣètò kíkà ọlọ́dún kan fún ìjọ rẹ̀: Májẹ̀mú Láéláé lẹ́ẹ̀kan, Májẹ̀mú Titun àti Sáàmù lẹ́ẹ̀mejì. Òun fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé ó lè di àṣà lásán, ó sì lè sọni di olódodo lójú ara ẹni. Òótọ́ ni. Mo ti rí kàlẹ́ńdà tí wọ́n fàmì ọ̀sẹ̀ kan sí lẹ́ẹ̀kan náà, lálẹ́ Sátidé. M'Cheyne kú ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1843, ẹni ọdún 29. Kò bá ètò náà dópin ọdún. Ta ni yóò wo àwọn oṣù tó kù kó sọ pé kò ṣe é?

Bí ojú àná bá ṣófo, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Má fi ìwàǹwára ka ti ọjọ́ márùn-ún pọ̀ láti san gbèsè; mánà àná ti yọ́ nínú oòrùn. Ka tòní.

Àdúrà: Baba, má jẹ́ kí n fàmì sí ọjọ́ tí mi ò kà. Bí mo bá sì fo ọjọ́ kan, má jẹ́ kí ìtìjú gba ọjọ́ kejì lọ́wọ́ mi. Ní orúkọ Jésù. Àmín.