Èmi Kọ́ Ni Mo Yìnbọn, Epo Ni Mo Gbé

Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ta ni nínú wa tí kò gbọ́ òwe yìí rí? Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ìtàn ọkọ̀ ojú omi Jámánì kan tí ń jẹ́ Altmark, mo rí i pé òwe náà fẹ́ àtúnrò, nítorí epo gan-an ni ọkọ̀ náà gbé.

Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1939, nígbà tó kù díẹ̀ kí Ogun Hitler bẹ̀rẹ̀, Altmark ra epo ní èbúté Port Arthur ní Texas, ní Amẹ́ríkà. Kò jí i o, owó ló fi rà á. Ó wá gbé e lọ pàdé ọkọ̀ ogun Admiral Graf Spee lójú agbami. Láàárín oṣù mélòó kan, Graf Spee ri ọkọ̀ òwò Gẹ̀ẹ́sì 9 sómi. Altmark ló ń fún un lépo, ló ń fún un lóúnjẹ; òun náà ló ń bá a ti àwọn atukọ̀ tó bá kó mọ́ ikùn ọkọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, láìsí epo yẹn, kí ni ìbọn ńlá Graf Spee ì bá jẹ́? Irin lásán!

Nígbà tí Graf Spee parun ní etí òkun Uruguay ní oṣù kejìlá, Altmark gbé òǹdè 299, ó dorí kọ ilé. Ní oṣù kejì ọdún 1940, ó gba etí òkun Nọ́wè, ìlú tí kò bá ẹnikẹ́ni jà. Àwọn ológun orí omi Nọ́wè wọ inú rẹ̀, wọ́n bèèrè ọ̀rọ̀, wọn ò ṣí ikùn ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀, ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni àwọn òǹdè ti ń pariwo. Wọ́n ní kó máa lọ.

Ní òru ọjọ́ 16 oṣù náà, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, Cossack, ká a mọ́ Jøssingfjord. Wọ́n jà, àwọn Jámánì mélòó kan kú, gbogbo òǹdè sì gba ìtúsílẹ̀. Nọ́wè bínú pé wọ́n já wọ ilé òun. Òótọ́ ni, wọ́n já wọlé. Ṣùgbọ́n onílé tó gbọ́ igbe nínú yàrá, tí kò ṣílẹ̀kùn, ṣé ó lè sọ pé òun kò dá sí i?

Ẹnìkan á ní, “Alásè inú ọkọ̀ ńkọ́? Àṣẹ ni wọ́n pa fún un.” Mo gbà. N kò ní gbé alásè àti ọ̀gá ọkọ̀ sórí òṣùwọ̀n kan náà. Níbí ni èmi àti òwe wa ti yà díẹ̀: n kò lè sọ pé ẹni tó gba epo sílẹ̀ burú ju ẹni tó gbé e lọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò lè yọ ara rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Bí ìmọ̀ àti agbára rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ìpín rẹ̀ ṣe máa tó.

Wọ́n yí orúkọ ọkọ̀ náà sí Uckermark ní 1940. Iṣẹ́ rẹ̀ kò yí padà. Ní 1941 ó tún ń bọ́ ọkọ̀ ogun Scharnhorst àti Gneisenau. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1942, ó gbiná ní Yokohama ní Jàpáànì, ó bú gbàmù, 53 nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì kú. Mi ò ní pè é ní ẹ̀san o. Iná kì í bèèrè ta ni ọ̀gá, ta ni ọmọṣẹ́.

Ṣùgbọ́n àwa tó wà láyé lè bèèrè. Awakọ̀ tó gbé ẹrù, akọ̀wé tó lu òǹtẹ̀, ẹ̀ṣọ́ tó ṣí géètì: gbogbo wa la ń sọ pé, “Iṣẹ́ mi ni mò ń ṣe.” Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí ló wà nínú ẹrù náà, ta la sì ń gbé e lọ bá?