Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Sọ̀rọ̀ Lórí Ọ̀rọ̀ Ibodè?

Ìbéèrè kan wà tí a gbọ́dọ̀ dáhùn kí a tó pe àwọn onímọ̀ wá sí Takon láti jíròrò ọ̀rọ̀ àgbáyé ní gbangba: ta ni ìjíròrò náà wà fún? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro. A ó wá ọ̀jọ̀gbọ́n méjì tàbí mẹ́ta, a ó to àga, àwa yòókù yóò sì tẹ́tí sílẹ̀. Àwa kò gbà pé ó parí síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ojú wa rí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ibodè ilẹ̀ rẹ̀. Àlàyé ìjọba wọn ni pé fàyàwọ́ ń ba iṣẹ́ àwọn àgbẹ̀ onírẹsì wọn jẹ́, àti pé epo bẹntiróòlù wọn ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú jáde. A kò lè pe èyí ní irọ́. Gbogbo wa ni a mọ kpayo, a sì mọ ibi tí púpọ̀ nínú ìrẹsì tí ó ń gúnlẹ̀ ní èbúté Kútọnu ń lọ. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, wọ́n ṣí ibodè Sẹ̀mẹ̀. Onímọ̀ tí ó ti Kútọnu wá lè fi òótọ́ inú sọ pé nǹkan bí oṣù 16 ni ìtìpa náà gbà. Ṣùgbọ́n Ìdírókò, tí ó kọjú sí Ìgòlò, tí ó sì súnmọ́ wa ju Sẹ̀mẹ̀ lọ, oṣù kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n ṣí i. Lọ́dọ̀ tiwa, nǹkan bí oṣù 32 ni. Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú wọn. Ibi tí kálukú dúró sí ni ó ti ń kà á.

Nítorí náà, bí a bá pe onímọ̀ nìkan, a ti yan iye oṣù tí a ó kà. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà: ọ̀rọ̀ náà kan ẹni tí ó ń to àga pẹ̀lú.

Ẹlòmíràn yóò wí pé ìnira ara rẹ̀ nìkan ni ọlọ́jà mọ̀, kò mọ àdéhùn. Òtítọ́ wà níbẹ̀. Àdéhùn ìrìnnà tí àwọn orílẹ̀-èdè CEDEAO fọwọ́ sí ní Dakar ní ọdún 1979 kì í ṣe ìwé tí gbogbo ènìyàn lè túmọ̀, ìnira kì í sì í ṣe ẹ̀rí pé ẹnìkan jẹ̀bi. A nílò onímọ̀. Ohun tí a kọ̀ ni pé kí ó sọ̀rọ̀ tán kí ó wọ ọkọ̀ lọ. Ẹni tí ó bá sọ pé ìtìpa náà tọ́, kí ó gbọ́ ìbéèrè ẹni tí ọjà rẹ̀ bàjẹ́. Ẹni tí fàyàwọ́ ń bọ́ láàárín wa, kí òun náà gbọ́ ti àgbẹ̀ onírẹsì òdìkejì. Èyí kejì ni kò ní dùn mọ́ wa.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé ní Paris tí ó fi ìlà là wá sí méjì. Kò sí ará ìhín kankan níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju kọ ìwé ńlá kan lórí ohun tí ìlà náà ṣe sí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá títí di ọdún 1945; ó jáde ní ọdún 1976. Iṣẹ́ takuntakun ni. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ìwé náà sọ ìtàn wọn ní ẹ̀gbẹ́ tiwa kò sì lè kà á.

Bí ìjíròrò wa bá jẹ́ ti Faransé nìkan, ará Ìdírókò yóò jókòó bí odi. Bí ó bá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, àwa ni odi. Yorùbá ni àwa méjèèjì jọ gbọ́. Àwọn kan ń sọ pé kò ní ọ̀rọ̀ tó fún irú nǹkan báyìí, bí ẹni pé láti ìgbà tí ibodè ti wà, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni a fi ń ná ọjà kọjá níbẹ̀. A dábàá pé kí olùdarí ìjíròrò fi ìdajì àkókò sílẹ̀ fún ìbéèrè, kí ìbéèrè àkọ́kọ́ sì ti ẹ̀yìn wá, láti ibi tí àwọn tí kì í gbé ìwé lọ́wọ́ máa ń jókòó sí.