Ẹni Tí Ó Kọ́ Ara Rẹ̀ Ní Iṣẹ́

A ń rí àwọn àgbà kan tí wọ́n fi iṣẹ́ àtijọ́ sílẹ̀, tí wọ́n sì jókòó ti kọ̀ǹpútà láti fúnra wọn kọ́ iṣẹ́ ojú-òpó íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan a máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwa kò dá wọn lẹ́bi: Amosi fi agbo ẹran sílẹ̀, Matiu sì fi bodè sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má ṣe wí pé òun nìkan ni ó kọ́ ara òun. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Tim Berners-Lee ni ó la ètò World Wide Web sílẹ̀ ní ilé ìwádìí CERN, lẹ́bàá Geneva, ní ọdún 1989. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin, ọdún 1993, CERN fi í fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Títí di òní, ẹni tí ó ṣí ojú-ewé kan lè wo èdè HTML tí a fi kọ ọ́, kí ó sì ti ibẹ̀ kọ́ ọgbọ́n. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí ni ó ṣílẹ̀kùn fún un.

Ẹ rántí Besaleli: Ọlọ́run fún un ní ọgbọ́n ọwọ́, Ó sì fún un ní ọkàn láti kọ́ni pẹ̀lú. Nítorí náà, ìwọ tí o ti mọ iṣẹ́ náà, jẹ́ kí ọmọ tí kò rí owó ilé-ẹ̀kọ́ san jókòó tì ọ́. Ìwọ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, má ṣe kánjú já okùn iṣẹ́ tí ń bọ́ ilé rẹ. Fi sùúrù kọ́ ọ ní alaalẹ́.

Kí Olúwa kí ó ràn wá lọ́wọ́. Àmín.