Èémí Aládùúgbò Rẹ

Ìwé kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 2:4-7; Diutarónómì 22:8

Olùfẹ́, bí àdúrà òwúrọ̀ yìí bá gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìwọ yóò ti mí tó 120 sí 200 ìgbà láìrò ó. Ta ni ó ń bá ọ mí i? Ọlọ́run fi erùpẹ̀ mọ Ádámù tán, síbẹ̀ amọ̀ lásán ni. Ìgbà tí Ó mí sí i ní imú ni ó tó di ènìyàn.

Wo iṣẹ́ àrà tí Olúwa kó sínú àyà wa! Bí a bá mí sínú, irun imú àti ikun yóò mú eruku, imú yóò sì mú kí afẹ́fẹ́ náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Yóò gba ọ̀nà ọ̀fun wọ inú ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì, níbi tí àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké tí ó ju mílíọ̀nù 200 lọ wà. Níbẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń gba ọ́síjìn, tí ó sì ń já afẹ́fẹ́ tí ara ti lò tán sílẹ̀, kí á lè mí in síta. A lè kó ìrẹsì pamọ́ sínú àpò, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè kó èémí ọ̀la pamọ́ lónìí.

Ẹ̀yin ará ní Malu Road, a mọ èéfín tírélà tí ń lọ sí èbúté Apápá. Ìyẹn ju agbára wa lọ. Èyí tí ó wà lọ́wọ́ wa ńkọ́? Iná lọ, ẹnì kan gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I-better-pass-my-neighbour" sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí olè, ó ti ilẹ̀kùn, ó sùn. Kábọ́nù mọnọ́ksáídì wà nínú èéfín náà. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tí ó ju 200. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí a bá òkú, wọ́n á ní ayé ló ṣe é. Rárá o! Kì í ṣe gbogbo ikú òjijì ni iṣẹ́ àjẹ́.

Ọlọ́run pàṣẹ fún Ísírẹ́lì pé kí ẹni tí ó bá kọ́ ilé mọ odi kékeré yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà já bọ́ kú. Ìṣọ́ra jẹ́ ara ìfẹ́ aládùúgbò. Ẹni tí ó gbàdúrà ààbò tán, tí ó wá gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ṣé kò dán Olúwa wò?

Ohun ṣíṣe: Gbé e síta gbangba, jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Bí kò bá sí àyè, má tan án rárá. Bí orí bá ń fọ́ ọ, tí òòyì ń kọ́ ọ, tí èébì ń gbé ọ nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́, jáde kíá, jí àwọn ará ilé, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn.

Àdúrà: Baba, mo dúpẹ́ fún èémí tí O fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Má jẹ́ kí ọwọ́ mi gba èémí aládùúgbò mi, ní orúkọ Jésù. Àmín.