Ta Ló Ṣe É?

“Dókítà, ta ló ṣe ọmọ mi?” Ìyá kan láti Iléṣà ló bi mí bẹ́ẹ̀ ní Òṣogbo. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà ti wú.

Nígbà tí mo wo díẹ̀ lára kókó ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà lábẹ́ maikirosíkóòpù, sẹ́ẹ̀lì dúdú há mọ́ra. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ òkú sẹ́ẹ̀lì ń tàn káàkiri láàárín wọn bí ìràwọ̀. Denis Burkitt, dókítà oníṣẹ́ abẹ, ló kọ̀wé nípa irú kókó jẹjẹrẹ yìí láti Uganda lọ́dún 1958. Ohun tí mo rí lábẹ́ dígí náà lẹ́wà, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Fáírọ́ọ̀sì Epstein-Barr àti ibà lọ́wọ́ nínú kókó náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ló ní méjèèjì tí kókó ò yọ. Kí ló dé tó jẹ́ ọmọ yìí ló yọ sí? Dígí mi ò fi àwọn ayé hàn mí, kò fi àkúnlẹ̀yàn hàn mí. Mi ò sì ní purọ́ pé mo rí wọn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ tètè gbé ọmọ wá: kókó yìí ń gbóògùn.